Ẹni Tí Mo Fura Sí Nígbà Tí Wọ́n Dá Ọmọ Mi Dúró

Òórùn ìbọ̀sẹ̀ tútù nínú mọ́tò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ni gólì ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Atlanta. Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa ń gbé e lọ síbi ìdánrawò. Tucker ni díákónì ń gbé, síbẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá gbé e lọ́dọ̀ wa ní Snellville tó jìnnà, kó tó yí padà sọ́nà ibi ìdánrawò. Ọmọbìnrin tirẹ̀ ni gólì kejì. Orí bẹ́ńṣì lèyí máa ń wà.

Nígbà tó ku ìdíje mẹ́ta, kóòṣì pè mí pé líìgì ti dá ọmọ mi dúró: ọjọ́ ìbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù líìgì àti èyí tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ kò bára mu. Bí a kò bá tètè yanjú rẹ̀, kò ní gbá họ́kì mọ́ lọ́dún náà. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Akọ̀ròyìn ni mí. Mo bi ara mi pé, ta ni yóò jàǹfààní? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo gbé ìwé àti bírò, mo ń wádìí bí ẹni pé gómìnà ló jalè. Ìyá ọmọ kan ní, "Mo rí díákónì yín pẹ̀lú kóòṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́." Mo fàlà sí i nídìí.

Ìyàwó mi ní, "Daddy, èèyàn ò lè bá kóòṣì sọ̀rọ̀ mọ́? Ẹ rọra o." Mo ní kò mọ iṣẹ́ ìwádìí.

Ní Sátidé, mo ká díákónì mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí níbi ìdánrawò. "Ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ ọmọ mi sùn!"

Báàgì ọmọ mi ló ń gbé jáde nínú búùtù lọ́wọ́. "Èmi, Bọ̀dá? Bí mo bá fẹ́ kí tèmi wọlé, ṣé mi ò kàn ní sọ pé mọ́tò mi bàjẹ́ ni?"

Mo já wọlé lọ bá kóòṣì. Ó fi fọ́ọ̀mù líìgì náà hàn mí. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́: mo fi ọjọ́ ṣáájú oṣù, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà. Oṣù ló ń ṣáájú ní Amẹ́ríkà, torí náà ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ti di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Akọ̀wé líìgì ló rí i. Kóòṣì ní, "Ọ̀rẹ́ yín tó máa ń gbé ọmọ yín wá ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀."

Ìdíje tó kẹ́yìn nìkan ni ọmọ mi rí gbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún díákónì lẹ́yìn ìsìn. Ó gbé mi dìde, ó ní ó ti tán. Títí dòní, tẹ̀rín-tọ̀yàyà ló fi ń kí mi. Ṣùgbọ́n kò yà sí Snellville wá gbé ọmọ mi mọ́, èmi náà ò sì bi í pé kí ló dé.