Ààrò Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Gbé

Lónìí, ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ààrò gáàsì tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Mo fẹ́ ẹ̀rọ tó máa fa èéfín jáde lórí ààrò náà, torí ikọ́ ata díndín ti fẹ́ pa wá nínú ilé. Oníṣẹ́ ti Kútọnu dé láàárọ̀, ó wo ilé ìdáná wa, ó dárúkọ owó tó lè ra alùpùpù.

Mo ní, "Ṣé wúrà ni?"

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀rọ gan-an ò wọ́n. Ọ̀pá tó máa gba orí àjà dé ìta ló wọ́n. Tí ààrò bá wà lápá fèrèsé, owó yẹn á dín sí ìdajì."

Mo ní ká gbé e. Ọkọ mi yarí. "Ibi tí Màmá ní kó wà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Màmá, ìyá ọkọ mi, sì rèé ní pálọ̀, wọ́n wá kí wa láti Bessé. Mo lọ kúnlẹ̀, mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ní kó wà níbẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òrùlé ló ń jò lápá fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ kó débí. Ṣé ẹ ò tíì tún un ṣe ni?"

Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti pààrọ̀ páànù.

N kò bá ọkọ mi gbé e o. Mo kàn ń tọ́ka ibi tó máa gbé e sí.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí ni "Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀" ti dè mọ́lẹ̀ nílé tiyín? Ẹ sọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ sì lọ bi Màmá.