Ọ̀já Tí Mo Gé

Ọdún mẹ́rin ni ọ̀já náà fi wà nísàlẹ̀ àpótí mi kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Àrán pupa ni. Ìyá mi ló fi sínú ẹrù ìyàwó mi, torí kò sí ìyá tí yóò sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ láìfún un ní ọ̀já tí yóò fi pọnmọ. Ọmọ kò dé.

Èmi ò jókòó sunkún o! Súwẹ́tà ọmọ tuntun ni mò ń hun tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Kódà nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí òwú òyìnbó di ọ̀wọ́n, àwọn abiyamọ ṣì ń ti Odogbolu wá bá mi. Ohun tó ń bí ìyá ọkọ mi nínú gan-an nìyẹn. "Àgàn tó ń hun aṣọ ọmọ!" Wọ́n á wí i kí àlejò lè gbọ́.

Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá irin ìhun mi lórí ààtàn. Ìyá ọkọ mi ló dà wọ́n síbẹ̀; wọ́n ní irin yẹn ni mò ń fi gún inú ara mi. Méjì ti wọ́. Inú bí mi.

Mo ṣà wọ́n, mo fọ̀ wọ́n, mo ṣí àpótí. Mo gé apá kan lára ọ̀já, mo rán an lé àárín èyí tó kù, mo pín in sí ojú tóóró tóóró, irin kan sójú kan, ó di àpò irin ìhun. Àrán ń yọ̀ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ gún mi títí. Etí ọ̀já tó gùn sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni mo fi ṣe okùn àpò náà.

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi bá mi. Wọ́n káwọ́ lérí. "Yéè! O ti gé ọmọ ẹ dànù!"

"Màmá, odindi ló wà fọ́dún mẹ́rin. Ṣé ọmọ wá?"

"Nínú ìhun yìí àti ilé ọmọ mi, mú ọ̀kan!"

Mo wo ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ó dáa," ni mo wí. Mo gbé àpò náà sẹ́yìn, mo so okùn rẹ̀ mọ́ àyà, mo pọ̀n ọ́n. Ọ̀sán gangan ni mo la agbo ilé kọjá, mo ń fi ilé ọkọ sílẹ̀. Àwọn ará ilé ń pariwo pé orí mi ti dàrú. Mo rọra ń rìn, kí gbogbo wọn lè rí mi dáadáa.