Àǹtí Ata àti Ẹ̀ṣọ́ Tó Lé Jáde

Àǹtí Ata ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ń ta ata. Ẹnu rẹ̀ ló ń ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bọ́ awọ gbígbó lára àga, kó yọ fóòmù tó ti kú dànù, kó wá fi tuntun bò ó. Bí oníbàárà bá ní kó kàn fi awọ tuntun bo ògbólógbòó mọ́lẹ̀ kí òun lè tètè gbé àga òun lọ, yóò bú u bí ẹni láyin. "Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń wọṣọ lé ìdọ̀tí nílé yín nìyẹn?" Wọ́n á bínú lọ, wọ́n á sì tún padà wá, torí pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi, kó kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ìbínú náà ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin gba òun àti ìyá rẹ̀ sílé. Bọ̀dá Àgbà ni gbogbo ẹbí ń pe ọkùnrin náà. Níwájú àlejò, ẹ̀rín ni. Bí àlejò bá ti lọ tán, tí ọmọ bá fọ́ ife, tàbí tó kàn rẹ́rìn-ín sókè, á tì í mọ́ sítọ́ọ̀, yàrá kótópó kan tí kò ní fèrèsé, á sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọmọ á ké títí ohùn á fi há. Ìyá rẹ̀ sì rèé ní kíṣìnnì, etí rẹ̀ kò di. Bó bá yá, á ní, "Ṣe sùúrù, Bọ̀dá ló ń bọ́ wa." Ṣé torí pé ẹnì kan ń bọ́ni ló ṣe yẹ kó sọ ọmọ ẹni di ẹrù inú sítọ́ọ̀? Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Àǹtí Ata dàgbà, ó kọ́ṣẹ́, ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín débi pé Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan, Ẹlẹ́rìn-ín da gọ́ọ̀mù sórí awọ oníbàárà. Ìyá rẹ̀ kò mọ ìgbà tó fọ́ ọ létí. Ọmọ náà sá sẹ́yìn òkìtì fóòmù, ó fọwọ́ bo orí, ó ń gbọ̀n. Àǹtí Ata wò ó, ara rẹ̀ gan-an ló rí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe ń bínú lọ. Bó ṣe gba ilé ìwòsàn lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́.

Dókítà náà sọ fún un pé kò sẹ́ni tó dá nìkan wà nínú ara rẹ̀. "Inú èèyàn dà bí ilé tí ayálégbé pọ̀ nínú ẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ ni ilé. Àwọn ayálégbé yẹn la fẹ́ mọ̀."

"Ṣé wọ́n ń sanwó ilé ni?" ni Àǹtí Ata bi í.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan wá, ó ní kó fojú inú wò ó bíi pé ìbínú rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Àǹtí Ata wo àga náà tìkà-tẹ̀gbin. "Àga yín ti yọ ìfun, dókítà. Ìbínú tèmi ò ní jókòó sórí irú èyí. Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ó dáa. Ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún yín."

Àwàdà ló pè é. Ó dijú, ó bi í. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó ní ọmọ kan lòun ń ṣọ́. Ọmọ náà wà nínú òkùnkùn."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sún sẹ́yìn díẹ̀, ká lè rí ọmọ náà."

Ìbínú sún sẹ́yìn. Àǹtí Ata rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà, ó sì sunkún débi pé àkókò tí wọ́n fún un tán kí omi ojú rẹ̀ tó gbẹ.

Ibi tó ti ṣì í nìyí. Ojú tó fi ń wo fóòmù tó ti kú náà ló fi wo ìbínú: ohun tó bá ti bàjẹ́, à á fà á tu ni, à á sọ ọ́ nù. Lójú ọ̀nà ilé, ó sọ fún ìbínú pé kó kó ẹrù rẹ̀, kó má padà wá mọ́. Ìbínú gbọ́, ó lọ. Àǹtí Ata wá tutù. Oníbàárà kan ní kó fi awọ tuntun bo ògbólógbòó, ó bò ó láìjanpata. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Èèyàn kì í pẹ́ rí ìyìn bí kò bá ti lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ náà gbọ́, ó sáré wá. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Inú mi dùn pó o ti wá gbọ́n. Bọ̀dá ti dàgbà báyìí, ó ti yí padà. Jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín wá lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa."

Ohun kan ì bá dìde nínú rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti lé e lọ. "Kò burú, Màámi," ló sọ.

Ọjọ́ tí ìyá àgbà mú ọmọ náà lọ gan-an ni Àǹtí Ata padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà béèrè ìbínú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti lé e jáde," ló fi ìyangàn dáhùn.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mi ò ṣàlàyé tó. A ní kó sún sẹ́yìn ni, a ò ní kó máa lọ. A kì í lé ẹnikẹ́ni jáde. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ láṣejù ni, torí ó rò pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣì ni yín. Ta ló wá ń ṣọ́lé báyìí?"

Àǹtí Ata fò dìde. Ó ní, "Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ wọn." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán.

Inú ọkọ̀ ni ìbínú ti bá a. Ó mọ̀ ọ́n lára, ó gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Ó sọ fún un nínú ọkàn pé, "Má bínú pé mo lé ẹ. Mo ti dàgbà. Jókòó tì mí, ṣùgbọ́n èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Bọ̀dá Àgbà wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí kọ̀rọ̀, ó kó ọwọ́ lé itan, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ rẹ ti ń mẹ̀kọ́," ni Bọ̀dá Àgbà wí. "Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo kàn mú un dé ẹnu sítọ́ọ̀, mo ní kó wo inú ẹ̀ dáadáa. Látìgbà náà, kẹ́kẹ́ ti pa mọ́ ọn lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ mìíràn, Àǹtí Ata ì bá ti la tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, wọn ì bá sì tìtorí ẹ̀ pè é ní wèrè. Lónìí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bọ̀dá, ẹ tì mí mọ́ inú sítọ́ọ̀ yẹn. Ìwà ìkà ni. Ọmọ yìí kò ní wọ ilé yìí mọ́."

"Èmi tí mo bọ́ ẹ!"

"Ẹ bọ́ mi, ẹ sì tì mí mọ́lé. Ìkan ò pa ìkejì rẹ́."

"Mi ò tiẹ̀ rántí gbogbo ìyẹn mọ́."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, nígbà tí mò ń ké, ṣé ẹ gbọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ibo la bá wọ̀?"

"Mi ò bi yín níbi tá a bá wọ̀. Mo ní, ṣé ẹ gbọ́?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Mo gbọ́," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he aṣọ náà nílẹ̀. "Mo ṣebí wọ́n ti wò ẹ́ sàn."

"Wọ́n ń wò mí sàn, Màámi. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn." Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, wọ́n jáde.

Wọ́n ti rìn díẹ̀ kí Ẹlẹ́rìn-ín tó la ẹnu. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń bínú?"

"Mò ń bínú gan-an."

"Sí èmi?"

Àǹtí Ata dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. "Kì í ṣe sí ẹ. Nítorí ẹ ni. Ti ọjọ́ gọ́ọ̀mù yẹn, èmi ni mo ṣàṣìṣe, jọ̀ọ́ má bínú."

Ọmọ náà rò ó wò dáadáa. Ó wá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa bínú lọ."