Ìyàwó Mi Fẹ́ Dìde ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi yìí, ní ọ̀nà Tré, èmi ni mo gbé e débẹ̀. Mo fi òṣùká tí ìyàwó mi fi ń pọn omi sí orí, mo gbé òkè náà lé e, mo sì rù ú láti apá Lèma wá síbí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ̀kọ tó wà lórí iná tó jinná. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́, ilẹ̀ mì díẹ̀, adìẹ wa sì yé ẹyin tí kò tíì tó àsìkò. Àwọn òkè Dassa tó kù, n kò mọ ẹni tó kó wọn wá. Ti ẹ̀yìn ilé mi ni mo mọ̀.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ ìlú wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ìgbàgbọ́ tó kéré tín-ín-tín lè ṣí òkè nídìí. Mo ti bi wọ́n léèrè títí ẹnu fi rẹ̀ mí: òkè wo? Ta ló rí i? Gbogbo òkè tí mo bá láyé ló ṣì wà níbi tí mo ti bá wọn, àfi tèmi, èmi kò sì ní ìgbàgbọ́ tó wúwo tó ìyẹ́ adìẹ. Ọrùn ni mo lò.

Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé. N kò pẹ́ ní lékòólù, ilé ìwé wọn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìṣirò pípín ni mo dé tí mo fi bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ènìyàn bá kàwé púpọ̀ kó tó mọ̀ pé, bí ẹnì kan bá ní mẹ́ta ni òun, tó tún ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun, ó yẹ kí á ní kó jókòó kó tún ara rẹ̀ kà.

Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, ayé máa ń ya wọ Arigbo, níbi tí ère ìyá Jésù wà nínú ihò àpáta. Wọ́n á ti Kútọnu wá, wọ́n á ti òkèèrè wá, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò, ọmọ lẹ́yìn àti bídọ́ọ̀nù òfìfo. Wọ́n á pọn omi kún bídọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé e lọ bíi pé omi kò sí nílé wọn. Mo ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wò wọ́n láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ẹni tó tiro wá, mo ń rí i tó ń tiro lọ. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ó ti wá ní ẹrù omi lọ́wọ́.

Mo máa ń bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ará, ṣé Ó ti dáhùn?”

Wọ́n á ní, “Ó ń bọ̀ wá dáhùn, bàbá.”

Mo ní, “Ẹ bá mi kí i bó bá dé.”

Ṣùgbọ́n inú ilé tèmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó mi. Inú ẹ̀sìn Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí ní Lèma, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún un kó tó hu eyín. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, mo ṣe gbogbo ohun tí àwọn àgbà ní kí n ṣe: mo kó isu lọ, mo gbé ọtí lọ, mo kọ ebè fún bàbá rẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ kán. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣe. N kò bá a lọ dúró níwájú mọ́npẹ̀ẹ̀, bí a ṣe ń pe àlùfáà wọn níbí. Mo ní n kì í bá ẹni tí n kò rí dá májẹ̀mú. Lójú tiwọn sì rèé, obìnrin tó wà nílé ọkọ láì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ gba Ara Jésù, ìyẹn àkàrà pẹlẹbẹ funfun tí mọ́npẹ̀ẹ̀ máa ń fi sí wọn lẹ́nu lọ́jọ́ ìsinmi.

Láti ìgbà náà, bí gbogbo ènìyàn bá dìde tò lọ síwájú, orí ìjókòó ni tirẹ̀. Ó bí gbogbo ọmọ wa, ó tọ́ wọn, ó sin bàbá àti ìyá rẹ̀, orí ìjókòó náà ló ṣì wà. Èmi ńkọ́? Mo máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bó bá ti wọlé, mo máa ń ní, “Ìyá àwọn ọmọ, wọ́n tún jẹun lójú rẹ lónìí? Wá jẹ iyán, tèmi kò ní òfin.”

Yóò jẹ iyán náà. Yóò sì fọ àwo rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ tó kọjá mú, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń bó isu, ó dúró, ó kọ̀, kò jókòó.

“Baálé mi, mo fẹ́ gba Ara Jésù kí ẹsẹ̀ mi tó kọ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi rìn lọ gbà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ dí mi lọ́nà.”

“Èmi? Èmi tí mi ò mọ ibi tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí?”

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn.”

Ó ní mọ́npẹ̀ẹ̀ ti sọ pé kò di dandan kí n ṣe ìrìbọmi. Kí n ṣáà wá, kí n dúró níwájú rẹ̀, kí n dáhùn ohun tó bá bi mí, kí n má sì purọ́.

“Kí n má purọ́?” mo ní. “Wọn ì bá kúkú ní kí n fò.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín ni mo wá ọgbọ́n àrékérekè. Mo ní kó rán katẹṣíìsì wọn sí mi, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Bí ó bá lè fún mi ní ìdí kan péré tó mọ́gbọ́n dání tí ènìyàn fi lè gbà pé Ọlọ́run wọn wà, màá bá ìyàwó mi lọ bá mọ́npẹ̀ẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ìyá àwọn ọmọ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ títí ayé. Mo mọ̀ pé kò ní rí i. Ìyàwó mi ní, “Ó dáa.”

Katẹṣíìsì gun alùpùpù rẹ̀ dé. Ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ mi ni, ó ń dáko kajú, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Ó bá mi lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà ní ìdí òkè, níbi tí a máa ń sá isu sí nígbà ọyẹ́. A ó gé isu, a ó bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú omi gbígbóná, a ó tẹ́ ẹ sórí àpáta kó gbẹ fún èlùbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi tẹ́ isu láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo fura sí i.

“Bàbá, ẹ wo àwọn òkè wọ̀nyí. Ṣé wọ́n kàn ṣàdédé wà bẹ́ẹ̀ ni? Ẹnì kan ló dá wọn.”

“Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, èmi ni mo gbé e wá.”

“Mo ti gbọ́, bàbá. Wọ́n ní ẹ fi òṣùká sí i.”

“Ṣé o gbà á gbọ́?”

“Rárá o!”

“Kí ló dé? Mo wà láàyè, mo ń fẹnu ara mi jẹ́rìí fún ọ lójú kojú. Àwọn tó ní àwọn rí òkú tó jí dìde, àwọn náà ti kú tipẹ́, o ò sì mọ ilé wọn. Tiwọn lo gbà, tèmi lo kọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Àwọn yẹn gbà kí wọ́n pa wọ́n nítorí ohun tí wọ́n sọ. Ṣé ẹ̀yin lè kú nítorí òkè yìí?”

“Láéláé. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kú nítorí ààlà oko, irọ́ sì ni ààlà náà.”

Ó yí isu mélòó kan padà. Ó ní àdúrà ńkọ́, pé òun ti rí àdúrà tó gbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń dè é.

“Nígbà tí kajú bá ń tanná, ìwọ á máa gbàdúrà kí òjò má rọ̀ kí òdòdó rẹ má baà gbọ̀n dànù. Aládùúgbò rẹ tó tètè gbin ẹ̀wà á máa gbàdúrà kí òjò rọ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀yin méjèèjì, orí ìjókòó kan náà lẹ kúnlẹ̀ sí. Kí ni Ọlọ́run yín ṣe lọ́dún kan báyìí?”

“Ẹ sọ ọ́, bàbá.”

“Ó rán ìjì. Ó ṣí òrùlé èmi tí mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan.”

Ó tẹ́ isu mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Bàbá, ẹ máa ń ri èébù isu mọ́ inú ebè, ẹ ó fi koríko bò ó lórí, ẹ ó sì lọ sílé. Ta ló sọ fún yín pé yóò hù?”

“Mo ti wa èyí tó hù rí. Ìwọ, òkú wo lo ti wà tó ti rú ewé?”

Ó gbé isu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, ẹ ti ṣẹ́gun mi.”

“Ó parí nìyẹn.”

“Ó parí láàárín èmi àtẹ̀yin,” ó ní, ó ń nu ọwọ́. “Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ gba Ara Jésù.” Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Isu gbẹ, a kó o. Ibi tí omi isu ti ṣàn sórí àpáta náà gbẹ, ó sì funfun. Ó rí gbọọrọ, òkè rẹ̀ rí rogodo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí bí ìborùn. Obìnrin kan tó wá yá odó rí i, ó figbe ta pé ìyá Jésù ni. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà fi kún ẹ̀yìn ilé mi, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú omi isu, wọ́n ń kọrin sí i. Ọ̀kan ń fi etí aṣọ nu àpáta, ó ń fi pa orúnkún. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í sá isu nílé rẹ̀! Irú àbàwọ́n yẹn wà lórí àpáta ilé olúkúlùkù wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ó di ilé mi kí wọ́n tó rí ìyá Jésù.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Mo pariwo sínú ilé pé, “Ìyá àwọn ọmọ, jáde wá wo ìyá Olúwa rẹ! Inú ìkòkò rẹ ló ti jáde!”

Ó fi ọ̀pá rìn bọ̀, ó wò ó, ó mi orí.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ dìde. Omi isu ni. Èmi ni mo bọ̀ ọ́.”

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àìgbàgbọ́ ọkọ rẹ ti ràn ọ́.” Wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyàwó mi da omi sórí àpáta, ó mú ìgbálẹ̀.

Ẹnu yà mí. Mo ní, “O kúkú lọ́gbọ́n lórí. Báwo lo ṣe wá gba èyí tó kù gbọ́?”

“Ẹ rò pé nítorí àwòrán orí òkúta ni mo ṣe ń lọ? Mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti kékeré. Bó ń dáhùn, bí kò dáhùn, ìyẹn wà láàárín àwa méjèèjì. Ẹ̀yin náà, mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dáhùn?”

Mo la ẹnu, nǹkan kan kò jáde.

“Ẹ ò rí i?” ó ní. “Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ẹ wà ńbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: èsì yẹn kò dúró rárá. Èmi, ó ń rí mi, ó ń gbọ́ ikọ́ mi, ó ń fọ aṣọ mi. Ta ló fọ aṣọ Ọlọ́run rí? Mo ti tò ó sẹ́nu láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ kan gbá àpáta, ọwọ́ kejì wà lórí ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ yẹn kò ní dúró de àríyànjiyàn mi.

Mo ní, “Ọjọ́ wo ni mọ́npẹ̀ẹ̀ máa ń wà nílé?”

Mọ́npẹ̀ẹ̀ náà kò dàgbà. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ gba Ọlọ́run gbọ́?”

“Rárá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má purọ́.”

“Ó dáa. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí ìyàwó yín máa sin Ọlọ́run wọn bí wọ́n ṣe fẹ́?”

“Ìgbà wo ni mo dá a dúró? Ẹ̀yin lẹ fi í sórí ìjókòó láti ọjọ́ yìí.”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ wọn, bàbá?”

“Mo ti fẹ́ ẹ kí wọ́n tó bí yín.”

Bí wọ́n ṣe so wá pọ̀ nìyẹn, èmi tí n kò gba nǹkan kan gbọ́ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí àkókò láti gba Ara Jésù tó, ìyàwó mi dìde. Ó pẹ́ kó tó dé iwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró dè é. Ó ya ẹnu. Ó padà wá jókòó tì mí, ó fi gèlè bojú. Mo bi í pé, “Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?” Ó ní, “Kò dùn, kò korò. Ó dà bí ewé ìwé.” Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi yíjú padà wò wá.

Ibi tí mo ti bi í léèrè yẹn, àti èsì rẹ̀, àti ẹ̀rín mi, èmi ni mo hùmọ̀ wọn. N kò bi í ní nǹkan kan. Mo ti ya ẹnu láti bi í, mo rí ojú rẹ̀ lábẹ́ gèlè náà, mo sì pa ẹnu mi dé. Bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí lẹ́nu rẹ̀, n kò mọ̀. Kò sọ fún mi.