Dígí tí Yèyé Fi Fá Orí Ẹ́ńjìnì

"Ẹ dúró! Ẹ má ki ẹ̀gẹ́ sí i mọ́! Àbí etí yín di ni?"

Yèyé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gàrí rẹ̀ ń ké lọ́wọ́, àwọn obìnrin tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó, ìyá mi tó ti Èkó dé jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá. Nínú ariwo yẹn ni mo gbọ́ nǹkan mìíràn: kan-kan-kan, kan-kan-kan, bíi pé ẹnì kan wà nínú ẹ́ńjìnì tó ń fi òkúta lu irin. Àyà mi já. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá fi lè kùnà lójú ìyá mi lọ́jọ́ náà, Èkó ni mo máa sùn lọ́jọ́ kejì.

Yèyé ló bí ìyá mi. Ìkẹ́rẹ́ la ń gbé, nísàlẹ̀ àpáta ńlá tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń kan, èéfín ẹ́ńjìnì, gàrí tí wọ́n ń dín nínú agbada, òórùn ulé wa nìyẹn, nítorí ulé ni Yèyé ń pe ilé, kò sì sí tíṣà tó lè yí i lẹ́nu padà. Etí ló fi ń tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. A lè jókòó tí à ń bó ẹ̀gẹ́, á kàn gbójú sókè, á ní púlọ́ọ̀gì ti dọ̀tí. Bí wọ́n bá yọ púlọ́ọ̀gì náà, dúdú ni wọ́n máa bá a.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ́ńjìnì náà. Bí wọ́n bá ki ẹ̀gẹ́ tó le díẹ̀ sí i lẹ́nu, á mí hẹlẹhẹlẹ, á kú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀gẹ́ wọn gba ibòmíràn lọ. Ìròyìn dé Èkó, ìyá mi pè. Yèyé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba fóònù láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò gbọ́, nítorí náà ṣáká ni mo gbọ́ ọ.

"Yèyé, mo ń bọ̀ wá mú ọmọ mi. Ẹ̀rọ yẹn ti gbó, ẹ̀yin náà ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dúró. Bí ẹ ṣe ń lo ara yín ní ìlò ẹrú yẹn, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa lo ọmọ yẹn."

"Kò sí ibi tó ń lọ," ni Yèyé dá a lóhùn. "Máa bọ̀, wá fojú ara rẹ rí i."

Ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹnu mi ṣì máa ń là sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó já dígí ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri. Dígí yẹn! Èyí tí n kò gbọ́dọ̀ fi ìka kàn! Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ní gbangba, ó fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ sáńpépà mọ́ ọn, ó gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá àgbà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnì. Mẹkáníìkì ni bàbá àgbà kó tó kú.

"Yéè! Ẹ gbà wá o!" ni obìnrin kan ké. "Yèyé, ṣé ọkọ yín ló wá bá yín lójú àlá ni?"

"Gbogbo ìgbà tó fi ń tú u lójú mi," ni Yèyé wí, "ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ìdérí irin tó wà lórí ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀dì, ló yọ. Ó fi èédú kun abẹ́ rẹ̀, ó wá ń fà á lọ fà á bọ̀ lórí sáńpépà náà, ṣẹ̀ẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀. Ibi tí èédú bá kù sí, sáńpépà kò tíì kan ibẹ̀. Dígí ló lò nítorí pé kò sí ohun mìíràn nínú ilé wa tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá fá ìdérí yẹn díẹ̀, àyè tó wà lókè písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, á dín kù, afẹ́fẹ́ àti epo á fún mọ́ra dáadáa kí uná tó bá wọn, agbára á sì wọlé.

Agbára wọlé lóòótọ́. Họ́wù! Ẹ̀rọ tó ń kú lánàá bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀gẹ́ mì. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, àwọn tó ti lọ padà wá. Ká ní Yèyé fi mọ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé ìyá mi ti mú ọjọ́ tó ń bọ̀, ó tún já dígí sílẹ̀, ó tún fá ẹ́ẹ̀dì náà sí i. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ya ìyá mi lẹ́nu. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí a ṣe dé ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Oòrùn ń mú, ẹ̀gẹ́ pọ̀, ẹ́ńjìnì gbóná, kan-kan-kan náà sì ń le sí i. Yèyé na ọwọ́ sí súìṣì. Ó wo ìyá mi. Ó wò mí. Mo ń mi orí sí i pé kó má ṣe é, kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó máa lọ.

Ó pa á.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ lọ wáì, débi pé a ń gbọ́ omi ẹ̀gẹ́ tó ń kán sílẹ̀ lára àpò.

"Yèyé, ẹ jẹ́ kó kúkú rin tèmi yìí tán!" ni obìnrin tó kàn wí.

"Mi ò ṣe," ni Yèyé wí. "Èmi ni mo fún un jù. Epo tí à ń rà nílé epo yìí, ó níbi tí ìfúnmọ́ra tó lè gbà mọ. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, á máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ohun tó ń kàn yẹn nìyẹn. Bí mo bá ní kó máa lọ, á lu písítìnì jálẹ̀."

Àwọn obìnrin pòṣé, wọ́n gbé abọ́ wọn. Ìyá mi dìde lórí àpótí, ó wọlé. Yèyé fúnra rẹ̀ ló di ẹrù mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹkún ni mo sì sun títí oorun fi gbé mi lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo lajú, jìnnìjìnnì bò mí. Báàgì mi wà nílẹ̀, òfìfo! Gbogbo aṣọ mi ti padà sórí okùn. Mo sáré jáde, n kò rí ìyá mi. Yèyé nìkan ni mo bá nídìí ẹ̀rọ, ó ń to gásíkẹ́ẹ̀tì méjì, ìtẹ́ pẹlẹbẹ tí ẹ́ẹ̀dì ń jókòó lé, lé ara wọn, kí àyè tó ti fá dànù lè padà díẹ̀.

"Yèyé, ìyá mi dà?"

"Ó ti wọkọ̀. Ó ní kí n máa tọ́ ọ."

"Èmi? Kí ló dé?"

"Ó ní láti kékeré òun, òun ò rí mi rí kí n fọwọ́ ara mi dá uṣẹ́ dúró." Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ sórí ẹ́ńjìnì náà. N kò rí omijé Yèyé rí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Ọdún ti gorí ọdún, Yèyé ti lọ sọ́run. Dígí náà wà ní pálọ̀ mi, ibi tí irin ti ha á ṣì hàn gbọọrọ, ó gba àárín ojú mi kọjá nígbàkigbà tí mo bá wò ó. Lánàá, mo jókòó ti ọmọ mi obìnrin nídìí ìṣirò. Mo ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Mo ní kó tún un ṣe sí i. Ó dáhùn, "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo gbójú sókè, mo rí ara mi nínú dígí, ìlà yẹn lágbedeméjì ojú mi, ìka mi ṣì wà lórí ìwé ọmọ mi.

Mo pa ìwé náà dé. Mo ní kó lọ ṣeré.