Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Ka Àdéhùn Sókè

Títí dòní, bí kọ̀ǹpútà bá ní kí n tẹ "Mo gbà", ohùn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ókòkómáíkò, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni mo máa ń gbọ́: "Kí lo gbà? Ṣé o ti kà á ni?"

Àpótí kékeré tó ń pa ẹ̀rọ omi bí táǹkì bá kún ni à ń ṣe. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ti ọ̀fẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń lò. Wọ́n ti ka àdéhùn rẹ̀ sókè látòkè délẹ̀, bí ẹni fẹ́ gba ilé. Ó gbà kí á fi tajà, àmọ́ ohun tí a bá kọ ò gbọdọ̀ gùn ju ìwọ̀n kan lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó jù ú lọ. Mo gba kọ̀ǹpáílà olówó tí kò ní ìwọ̀n, èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan jí ṣí láìsanwó, sínú fláàṣì wá. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Gbogbo ayé ló ń lò ó, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo ayé kọ́ ló kọ orúkọ sínú iṣẹ́ yìí. Èmi ni."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń gé ohun tí a kọ kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. "Yàrá kan ni wọ́n fi tọ́ àwa méje n'Ìbà," ni wọ́n ń wí. "Kò sẹ́ni tó sùn síta."

Lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ wa wọ inú ìwọ̀n náà. Àyè díẹ̀ tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n sún àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wá kọ orúkọ tìẹ náà sí i."