Kóòṣì Olúbọ̀dé àti Àwọn Pátákó Godswill

Ní ilé ìwé girama kan nítòsí Castle Green ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn London, kò sí ọmọ tí kò mọ Kóòṣì Olúbọ̀dé. Ọkùnrin gíga ni, èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé orí pápá kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Òun ló kó bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà wọ ilé ìwé náà, bọ́ọ̀lù tó ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì bí ìbẹ́pẹ kékeré, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá lọ, tí àwọn alátakò á sì máa fi gbogbo ara dènà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Kò rí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí títí ó fi dé London, tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Rush Green. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adédèjì ti fà á lọ sí pápá lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Wọ́n dé àṣíborí fún un, wọ́n ní kó dúró síwájú ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú. Wọ́n kọ lù ú, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó sì dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti kúrò nídìí eré náà mọ́. Nígbà tí èjìká rẹ̀ yẹ̀, tí dókítà ní kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé girama náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Àṣíborí àlòkù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ láti ilé dé ilé bẹ àwọn ìyá tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ṣẹ́ ọmọ àwọn lápá.

Ọgbọ́n kan wà tó dá, òun ni wọ́n sì fi mọ ẹgbẹ́ náà. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, kóòṣì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbà, láìjẹ́ kí alátakò mọ̀. Nọ́ńbà ni àwọn kóòṣì yòókù fi ń sọ tiwọn. Yorùbá ni Olúbọ̀dé fi ń sọ ọ́, ó sì ti kọ́ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ọ̀rọ̀ náà. Bó bá pariwo pé “Ọwọ́ òsì!” tàbí “Jù ú jìnnà!”, ọmọ Bangladesh gbọ́ ọ, ọmọ Lithuania gbọ́ ọ, ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí bàbá àgbà rẹ̀ sí Dagenham náà gbọ́ ọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó wá láti Essex àti Kent á kàn máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò lóhùn.

Godswill wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ kọ́. Ará Warri ni àwọn òbí rẹ̀, Barking, nítòsí Dagenham, ni wọ́n bí i sí. Olúbọ̀dé ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà bì í ṣubú. Nígbà tó parí yunifásítì, Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ọ̀gá àgbà ilé ìwé, Ìyáàfin Sylvanus, pé kí wọ́n gbà á ṣe igbákejì òun.

Godswill kó pátákó dé. Ó ya àwòrán ńlá sí ojú wọn: ológbò, bọ́ọ̀sì pupa, dòdò nínú páànù. Bó bá ti gbé méjì sókè, àwọn ọmọ á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní la ẹnu. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò ya èyí tó kàn. Olúbọ̀dé ní eré ọmọdé ni, kò sì jẹ́ kí wọ́n lò ó nínú ìdíje.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Godswill mọ́. Ó rí i pé ẹ̀rín tí àwọn ọmọ ń rín fún Godswill gùn ju tòun lọ. Ó rí i pé Ṣọlápé, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, tó máa ń dúró dè é kí wọ́n jọ rìn dé ibùdókọ̀, ti ń dúró de Godswill báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí òun àti Magdalene ìyàwó rẹ̀ ń lọ, Magdalene ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọkọ òun àti Godswill nítorí ìdíje àṣekágbá tó ń bọ̀. Olúbọ̀dé ṣe àmín gbọnmọgbọnmọ sí orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Godswill, ó ń tún aṣọ funfun rẹ̀ ṣe.

“Dádì Ṣọpẹ́, mo rí yín o,” ni Magdalene wí fún ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ bàtà wọn níta. “Àmín náà há yín lọ́fun ni?”

Ọ̀rọ̀ ti ju ẹ̀rín lọ lójú Olúbọ̀dé. Ìyáàfin Sylvanus ti sọ fún àwọn méjèèjì pé láti oṣù Kẹsàn-án, kóòṣì kan ṣoṣo ni ilé ìwé lè gbà, òun yóò sì wá wo ìdíje náà kí òun tó mú ẹni tó máa jẹ́.

Peckham ni àwọn alátakò ti ń bọ̀. Godswill rọra wá bá a, ó ní àwọn ọmọ Yorùbá kún inú ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ lo pátákó.

“Ọmọ tí wọ́n bí síbí?” ni Olúbọ̀dé dáhùn. “‘Ẹ káàárọ̀’ lásán ni wọ́n gbọ́. Sọ pé o fẹ́ kí ọ̀gá àgbà rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

Godswill kàn kó àwọn pátákó rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Olúbọ̀dé pe ọwọ́ òsì, gbogbo ọmọ Peckham sì ya sí òsì. Ó pe ọ̀tún, wọ́n ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé orí ló bá wọn ṣe é. Ó tún pariwo, ọmọkùnrin kan láàárín àwọn ti Peckham sì yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi Yorùbá tó já gaara ju ti Ṣọlápé lọ sọ pé, “Òsì náà ni wọ́n tún ń bọ̀ o.” Lẹ́yìn náà ó juwọ́ sí Olúbọ̀dé. “Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá wa.”

Ara Olúbọ̀dé gbóná. Ó ti yé e wàyí. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Sylvanus dúró sí etí pápá, ó ń wò. Bí pátákó bá jáde báyìí, gbogbo ayé á rí ọwọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ náà wà. Nítorí náà ó tún fi Yorùbá pè é, ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́ ìyẹn náà. Ọmọ mẹ́ta ló ya lu Ṣọlápé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣọlápé wá bá a, ó di ìhà rẹ̀ mú. “Kóòṣì, wọ́n ń gbọ́ yín. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.”

Olúbọ̀dé wo bí ọmọ náà ṣe ń mí. Ó yíjú sí Godswill. “Gbé wọn jáde.”

Ì bá dùn mọ́ ọn bí Godswill bá rẹ́rìn-ín músẹ́, kó lè rí nǹkan bínú sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ológbò àti bọ́ọ̀sì sókè, àwọn ọmọ Peckham sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Nígbà tí eré máa fi parí, Dagenham ló borí. Àwọn ọmọ gbé Godswill sí èjìká. Ọmọ kan sáré wá dì mọ́ Olúbọ̀dé, ṣùgbọ́n wọ́n pè é láti ọ̀hún, ó sì tún sáré lọ.

Godswill ni Ìyáàfin Sylvanus mú. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Godswill wá sí ilé Olúbọ̀dé ní Eastbury. Magdalene gbé oúnjẹ fún un, Olúbọ̀dé sì jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán kó tó bá a sọ̀rọ̀. Godswill ní òun kò lè dá a ṣe. Ó ní ilé ìwé ò ní lè san owó fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń dènà níwájú, kò sẹ́ni tó lè kọ́ wọn bíi tirẹ̀.

“Kí èmi wá máa pè ọ́ ní ọ̀gá?”

“Godswill ni kí ẹ máa pè mí, sà, bí ẹ ti ń pè mí tẹ́lẹ̀.”

Olúbọ̀dé fi ọwọ́ ti àwo oúnjẹ náà sápá kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, òun ò ní rí pápá mọ́. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n pátákó kankan ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tòun.

Láti ìgbà náà ló ti ń kó àwọn tirẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ A13, ọ̀nà ńlá tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Godswill ti bẹ̀ ẹ́ pé kó sún mọ́ wọn, ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ariwo ọkọ̀ ẹrù pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn Godswill rárá.